Ilẹ̀ Ẹmu: Ìtàn Ọ̀pẹ àti Ògùrọ̀ ní Ẹnubodè Yewa

Ní ilẹ̀ Faransé, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1935 ló gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa ṣọ́ orúkọ ilẹ̀ tí wáìnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tí àjàrà rẹ̀ kò hù ní Champagne kò gbọ́dọ̀ pe ọtí rẹ̀ ní Champagne. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ìhùnbọ̀ dé Ìkálẹ̀, láti Ìkálẹ̀ dé ilẹ̀ Ìgbò, ọtí tí a ń gbà lára igi wà láti ayébáyé, omi àti ilẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu irú èyí tí wọ́n ń mu níbẹ̀. A kì í sábà ka ìtàn rẹ̀ sí ìtàn ilẹ̀ ọtí, bẹ́ẹ̀ ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Àjàrà fúnra rẹ̀ kò rí àyè tó wù ú nílẹ̀ wa. Igi tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ń fẹ́ ìgbà òtútù tí ewé rẹ̀ yóò wọ́, tí yóò fi sinmi fún oṣù mélòó kan kí ó tó tún rúwé. Ìdí nìyẹn tí ọgbà àjàrà fi pọ̀ jù láàárín ìlà 30 sí 50, ní ìhà àríwá àti ní ìhà gúúsù ayé. Ní Cape, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, wọ́n fún wáìnì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1659. Ìhùnbọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, kò kọjá ìlà 7 sókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àjàrà sinmi. Àwọn igi tó mọ ooru náà lára ló gba ipò rẹ̀.

Méjì ni igi náà. Ọ̀pẹ fẹ́ òjò, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun; òun ló kún orí ilẹ̀ gbígbẹ láti Yewa lọ dé Ìjẹ̀bú, Oǹdó, ilẹ̀ Ẹdó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ògùrọ̀ ní tirẹ̀, inú àbàtà ló ń gbé. Ibi tí odò bá ti ń ya bo ilẹ̀ ni kí o wá a sí: àbàtà Ìpókíá àti Badagry, Ẹ̀pẹ́, etí omi Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, títí dé ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà omi ti mọ ilẹ̀ ẹmu Nàìjíríà. Bí a bá gòkè sí àríwá, ọkà bàbà ló ń di ọtí, òun ni wọ́n fi ń ṣe bùrùkùtù àti pító. Àwa náà ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo ṣe àti àgàdàgídí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣe, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti ń po ìwọ̀nyí. Ẹmu nìkan ló ń ti orí igi wá ní ọtí.

Ohun mìíràn mú kí ẹnubodè Yewa yàtọ̀ sí ìyókù. Láti ibẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Benin àti Togo títí dé ìlà-oòrùn Ghana, igbó kìjikìji tó bo etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, ọ̀dàn sì sún mọ́ òkun, nítorí òjò ibẹ̀ kò tó ti ibòmíràn. Àwọn igi ńlá igbó kò gbilẹ̀ níbẹ̀ bí ti ìlà-oòrùn, ọ̀pẹ sì rí oòrùn gbà. Agbègbè kan náà ni ìhà méjèèjì ẹnubodè lójú igi, lójú òjò àti lójú adẹ́mu.

Iṣẹ́ adẹ́mu kì í ṣe iṣẹ́ ojo. Lórí ọ̀pẹ tó dúró, ó máa fi igbà gun òkè, ó máa wá òdòdó akọ tí kò tíì là, ó máa ṣí imọ̀ tó bò ó, ó máa gé orí rẹ̀, ó sì máa so akèrègbè mọ́ ọn kí omi rẹ̀ máa kán sínú rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń padà gun un, nítorí ojú ibi tí ó gé máa ń di, ó sì ní láti fi ọ̀bẹ mímú bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí omi tó tún jáde. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá dá báyìí kò kú. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ lè tún dá a lọ́dún mìíràn. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n wó ọ̀pẹ lulẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí ọkàn rẹ̀ níbi tí ewé ti ń yọ. Èyí wọ́pọ̀ ní Benin àti Ghana. Ẹmu rẹ̀ pọ̀, kò sí pé igbà já, àmọ́ igi náà ti lọ. Ògùrọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná láyé rẹ̀, yóò so, yóò sì kú. Nígbà tó bá fẹ́ tanná ni adẹ́mu ń gé e lórí, kí gbogbo adùn tí igi náà ti kó jọ fún èso rẹ̀ lè jáde sínú akèrègbè.

Omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ dùn, ó mọ́, ṣúgà inú rẹ̀ sì máa ń tó ìdá 10 sí 12 nínú 100. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ń bá a jà lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí méjì ó ti lè ní agbára ọtí tó ìdá 4 nínú 100, ó ń hó, ó sì funfun. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Wáìnì àjàrà lè wà nínú àgbá fún ogún ọdún, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó dé ìlú tí wọ́n kò ti gbin àjàrà rí. Ẹmu kò lè rìn jìnnà. Èmi gbà pé ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ má dé òkèèrè nìyẹn, kì í ṣe pé adùn rẹ̀ kéré.

Àwọn àlejò kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ní Ifẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé Ọbàtálá mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Títí dòní ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Ìgbà tí Cadamosto, ará Venice, dé etíkun Senegal àti Gambia ní 1455, ó rí ẹmu, ó sì kọ nípa rẹ̀. Ní Dàhòmì, ọba Ghezo, tó jọba láti 1818 dé 1858, fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó ọ̀pẹ lulẹ̀ nítorí ẹmu. Òwò ẹrú ń bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, epo pupa ni àwọn Òyìnbó ń wá, ọ̀pẹ tí wọ́n bá sì wó lónìí kò ní so ẹyìn lọ́la.

Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì, láti etí òkun lọ sókè. Ìpókíá, Ìhùnbọ̀ àti Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàṣẹ́, Ìṣàkẹ́tẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu di ti Faransé. Àwọn Ànàgó àti Ìfọ̀nyìn wà ní ìhà méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1976 lórí ohun tí ìpín yìí fi ojú àwọn ará ibẹ̀ rí láàárín 1889 àti 1945. Ọtí wà lára rẹ̀. Ìjọba Gúúsù Nàìjíríà nígbà náà gbójú lé owó ibodè lórí jíìnì tí ọkọ̀ ń kó wá láti Yúróòpù. Òun ló ń mú apá tó pọ̀ jù wọlé fún wọn. Bí owó ibodè bá ga ní ìhà kan, tó sì rọ̀ ní ìkejì, fàyàwọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Saint-Germain, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fi òfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú ní Áfíríkà, wọ́n sì de pípọn ọtí líle níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin náà kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ní Benin sọ pé ọmọ Allada kan tó ń jẹ́ Sodabi, tó ti jagun àgbáyé kìíní ní Faransé, ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná gba ọtí níbẹ̀, tó sì fi ẹmu dán an wò nígbà tó padà délé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe ọtí náà títí dòní. Ní ìhà Nàìjíríà, ògógóró gbilẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí owó kò sí lóde tí jíìnì òkèèrè sì wọ́n. Ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá ìpọntí, àwọn ènìyàn ń tún un ṣe nínú àbàtà. Mo dá ìjọba lẹ́bi níbí: wọ́n jẹ́ kí jíìnì Òyìnbó máa san owó fún wọn, wọ́n sì sọ ọtí tí a fi ẹmu wa ṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Ọtí tí a ń pọn ní ìkọ̀kọ̀ kò ní olùṣọ́. Ní 2015, oró methanol nínú ògógóró pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì tún fi òfin dè é.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mú ẹmu rìn jìnnà. FIIRO, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956, wá bí wọ́n ṣe lè rọ ẹmu sínú ìgò, kí wọ́n fi omi gbígbóná pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó lè pẹ́. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìlú Bìní ní 1939, ń rọ tirẹ̀ sígò pẹ̀lú. Ó wúlò, mo sì ń gbóríyìn fún wọn, ṣùgbọ́n ẹmu inú ìgò kò hó mọ́. Ẹni tó ti mu èyí tó ti orí igi sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìṣòro tó kù wà lọ́dọ̀ igi. Ọ̀pẹ ní àwọn ibùdó ìwádìí tirẹ̀, ti Pobẹ̀, tí Faransé dá sílẹ̀ ní 1922, kò sì jìnnà sí ẹnubodè wa rárá. Ògùrọ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní alágbàwí. Igi tí wọ́n bá dá ń kú, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbin òmíràn sí ipò rẹ̀. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn àti ilé ń gba àbàtà etí òkun lójoojúmọ́. NIFOR ní ibùdó ògùrọ̀ kan ní Onuebum, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ó tún ní ibùdó mìíràn ní Badagry, níbi tí àgbọn ti jẹ́ iṣẹ́ wọn. Badagry kò jìnnà sí Ìpókíá. Bí wọ́n bá lè tọ́ ọmọ ògùrọ̀ pẹ̀lú àgbọn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn adẹ́mu Ànàgó àti Ẹ̀gùn, ẹni tó bá dá igi kan lè gbin méjì kí ẹmu igi náà tó tán.