Ọ̀bẹ Kíká Àfọwọ́rọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Alágbẹ̀dẹ Tó Ṣeé Fowó Fún

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn nǹkan àfọwọ́ṣe gan-an. Wọ́n á lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n á ní kí oníṣẹ́ awọ bá wọn rán báàgì, ní báyìí ọ̀bẹ náà ti wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń bi mí nípa ẹ̀ jù ni ọ̀bẹ kíká, ìyẹn ọ̀bẹ tí ojú ẹ̀ ń wọ inú èèkù nígbà tí a ò bá lò ó. Àwọn kan ń pè é ní jákì-náìfù. Wọ́n á ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ fún àwọn nìkan, pẹ̀lú èèkù igi tàbí ìwo, kó sì kọ orúkọ àwọn sí i.

Ohun tó dáa ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: tí àdìrẹ bá ṣá, owó nìkan ló bá a lọ. Tí ọ̀bẹ kíká bá jáni kulẹ̀, ó lè pa dé mọ́ ìka.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni alágbẹ̀dẹ ò lè fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí iṣẹ́ ara ẹ̀. Ẹlòmíràn ló máa bá a jẹ́ ẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n sọ ẹni tí ẹ máa bi, ohun tí ẹ máa bi í, àti ohun tí ẹ máa fọwọ́ ara yín dán wò kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

Irú ọ̀bẹ wo là ń sọ?

Ọ̀bẹ tó ń ká kì í ṣe àjèjì sí wa. Abẹ òyìnbó táwọn onígbàjámọ̀ ń lò kí bíléèdì tó gbòde náà ń ká sínú èèkù. Ọ̀bẹ Okapi, tó ní òrùka lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1902. Àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà ni wọ́n ń ṣe é fún. Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ kan ní South Africa ra orúkọ àti irinṣẹ́ ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì bọ́ sí. Opinel ti ilẹ̀ Faransé ti wà láti 1890, àmọ́ ọdún 1955 ni wọ́n tó fi òrùka tó ń ti ojú ọ̀bẹ pa sí i, kó má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń tì í pa yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Alágbẹ̀dẹ tiwa, àdá, ọkọ́, àáké àti ọ̀bẹ tí kì í ká ló mọ̀ ọ́n rọ jù. Iná, ẹwìrì, owú àti ẹmú tó fún ìyẹn. Ọ̀bẹ kíká tún ní iṣẹ́ míì nínú: ihò tí wọ́n máa lu, irin kékeré tí ojú ọ̀bẹ máa fi yí, àti ohun tó máa tì í pa. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀, àbí ẹ máa gbé apá kan fún ẹlòmíràn?" Kò sí ohun tó burú tí wọ́n bá gbé èèkù fún gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọ́n sì gbé ihò lílu fún ẹni tó ní ẹ̀rọ. Ó kàn yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Irin ni ìpìlẹ̀

Irin àlòkù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ ọ̀bẹ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó dáa nínú ẹ̀ ni sípíríǹgì ọkọ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ lọ́rì àti bọ́ọ̀sì. Kábọ̀nù inú ẹ̀ pọ̀ tó láti jẹ́ kó le tí iná bá sè é dáadáa. Rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ àti irin pẹlẹbẹ lásán táwọn wẹ́lídà fi ń ṣe géètì ò rí bẹ́ẹ̀, kábọ̀nù wọn kéré. Ẹ lè rọ ọ́, ẹ lè pọ́n ọn, á dán, á tiẹ̀ gé tòmátì lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kújú.

Lẹ́yìn rírọ, iṣẹ́ tó ṣòro jù ló kàn. Alágbẹ̀dẹ á ti irin bọná títí á fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, á wá rì í bọ omi tàbí epo lẹ́ẹ̀kan náà. Tí irin bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 770 lórí Celsius, máágínẹ́ẹ̀tì ò ní fà á mọ́, ìyẹn làwọn kan sì fi ń mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ń fi àwọ̀ irin mọ̀ ọ́n, ó sì rọrùn láti rí àwọ̀ yẹn lábẹ́ òjìji ju inú oòrùn lọ.

Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi le lóòótọ́, àmọ́ ó lè ṣẹ́ bí àwo tó bá já bọ́. Ó gbọ́dọ̀ tún padà rí iná díẹ̀, bí ìwọ̀n 200 sí 250, títí ara ẹ̀ á fi ní àwọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Ẹni tó bá fo èyí, ọ̀bẹ ẹ̀ á mú lónìí, á ṣẹ́ lọ́la.

Torí náà, ẹ bi wọ́n: "Bàbá, irin kí lẹ fẹ́ lò? Tẹ́ ẹ bá rì í bọ omi tán, kí lẹ tún máa ń ṣe sí i?" Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kàn ń sọ pé "irin òyìnbó ni," tí ò lè sọ ibi tó ti yọ ọ́, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ta ló máa jẹ́rìí?

Fọ́tò ò lè jẹ́rìí ọ̀bẹ. Irin tó dáa àti irin burúkú, bákan náà ni wọ́n ń dán nínú fọ́tò. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ jẹun ni kẹ́ ẹ lọ bi. Ní Abẹ́òkúta, àwọn alápatà odò ẹran Láfẹ́nwá ni mo máa ń lọ bá. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ọdẹ́dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, àwọn adẹ́mu àti àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò ní àkókò láti yin ẹni tí irin ẹ̀ ò dáa.

Mo bi alápatà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta ló rọ ọ̀bẹ yìí fún yín?"

Ó ní, "Bàbá kan ni. Àbúrò, má wo dídán ẹ̀. Wo bó ṣe tín-ín-rín. Pípọ́n ló sọ ọ́ dà báyìí, kò ṣẹ́ rí."

Ọ̀bẹ tí òkúta ìpọ́nbẹ ti jẹ fún ọdún púpọ̀, tí kò ṣẹ́, tí ojú ẹ̀ ò fọ́n, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀:

1. Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń lò ó?
2. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń pọ́n ọn lọ́sẹ̀?
3. Ṣé ó ti ṣẹ́ tàbí kí ojú ẹ̀ fọ́n rí?
4. Nígbà tó bàjẹ́, kí ni ẹni tó rọ ọ́ ṣe?

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ ní kó júwe oníbàárà méjì fún yín: ọ̀kan tó ti gba ọ̀bẹ láti bí ọdún kan, àti ọ̀kan tó gbé iṣẹ́ padà wá. Tó bá ní kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ padà wá rí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ irú ẹ̀rí yìí di ìdánwò. Ẹgbẹ́ American Bladesmith Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, kì í gbé oyè fún alágbẹ̀dẹ lórí ẹnu lásán. Ọ̀bẹ tó bá gbé wá gbọ́dọ̀ gé okùn tó so rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó gé pákó, kó sì ṣì mú débi tó lè fá irun apá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé igun 90, kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Ọ̀bẹ tí kì í ká ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn o, ẹ má lọ tẹ tiyín. Lọ́dọ̀ tiwa, odò ẹran ló ń ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn.

Orúkọ ara ọ̀bẹ ò tó

Àwọn kan á ní, "Ó kọ orúkọ ẹ̀ sí i, torí náà ó dá ara ẹ̀ lójú." Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Laguiole jẹ́ ìlú kékeré kan ní Faransé tó lókìkí fún ọ̀bẹ kíká. Oníṣòwò kan tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lọ forúkọ ìlú náà sílẹ̀ bí àmì ọjà lọ́dún 1993, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè. Ìlú náà pè é lẹ́jọ́, wọ́n pàdánù lọ́dún 2012, inú bí wọn débi pé wọ́n yọ pátákó orúkọ ìlú ara wọn kúrò lójú títì. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Paris tó wá dá wọn láre.

Àwa náà mọ irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní bí ọdún 1930 lọ sókè, àwọn oníbàárà ń wá láti Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana báyìí, àti láti Senegal wá ra àdìrẹ Ẹ̀gbá. Nígbà táwọn aláró bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà òyìnbó àti aró oníkẹ́míkà, ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ pé àdìrẹ ò dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin dè wọ́n. Àwọn obìnrin aláró ò gbà, torí àwọn nǹkan yẹn mú iṣẹ́ yá, ìgbà náà sì le. Lọ́dún 1936, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni yòówù kó jàre, ohun tí mo rí kọ́ ni pé aṣọ burúkú látọwọ́ ẹnì kan ń kó bá gbogbo ẹni tó ń ta irú ẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá délẹ̀

Ẹ má tíì san owó tó kù. Ẹ ṣe àwọn nǹkan yìí níwájú ẹni tó rọ ọ́:

1. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ di èèkù mú, kẹ́ ẹ rọra mì ín. Ojú ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.
2. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́ igi, kí ìka yín má sí ní ibi tó lè pa dé sí. Tó bá pa dé, ẹ dá a padà.
3. Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wò ó lókè. Ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà láàárín èèkù, kò gbọ́dọ̀ fara kan ẹ̀gbẹ́ kankan, ṣóńṣó ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ yọ síta.
4. Ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ fi fáìlì fọwọ́ kan ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́. Tí fáìlì bá yọ̀ lórí ẹ̀, irin náà le. Tó bá jẹ ẹ́ wọra bí ọṣẹ, kò le tó.
5. Ẹ fi gé okùn bí ogún ìgbà, kẹ́ ẹ wá fi gé bébà. Bébà gbọ́dọ̀ gé, kò gbọ́dọ̀ ya.

Ọ̀rọ̀ owó

Àsansílẹ̀ ò burú, alágbẹ̀dẹ náà máa ra èédú àti irin. Èmi kì í san ju ìdajì lọ. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: irú irin, gígùn ojú ọ̀bẹ, irú èèkù, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, àti pé yóò tún un ṣe láìgbowó tí ojú ẹ̀ bá yẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Alágbẹ̀dẹ kan sún ọjọ́ síwájú fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò bínú sí sísún yẹn, torí ní gbogbo ìgbà, òun ló ń pè mí kí n tó pè é. Ẹni tí ẹ máa sá fún ni ẹni tí fóònù ẹ̀ kú lẹ́yìn àsansílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé òfin

Criminal Code wa sọ pé ẹni tó bá gbé ohun ìjà káàkiri ní gbangba láìní ìdí tó bófin mu, lọ́nà tó ń dẹ́rù ba èèyàn, lè fẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, wọ́n sì lè gba ohun ìjà náà. Ọ̀bẹ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ ni kó wà. Ẹ má gbé e lọ sí ibi ìpéjọ òṣèlú, ẹ má fi ṣeré ní gáréèjì, ẹ má sì gbé e wọ inú bàálù. Tí ẹ bá fẹ́ fò, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ dì í sí.

Tiyín náà nínú ọ̀rọ̀ orúkọ

Wọ́n ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń ta irin géètì bí irin sípíríǹgì, ara ẹ̀ ló ń ṣe. Àmọ́ oníbàárà náà lè wólé onílé. Tí ọ̀bẹ bá ní àbùkù, ẹ kọ́kọ́ gbé e padà lọ bá a kẹ́ ẹ tó gbé orúkọ ẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Tó bá tún un ṣe, ẹ sọ ìyẹn náà fáyé gbọ́. Tí ọ̀bẹ bá sì dáa, ẹ dúró kó tó ọdún kan, kẹ́ ẹ tó júwe ilé ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ yín. Nígbà yẹn, ohun tí ojú yín rí lẹ ń sọ.