Ilé Aṣòfin Tí Ìjà Ká Mọ́ Orí Àga: 1964 sí 1966

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, a mú Mejọ Chukwuma Kaduna Nzeogwu, ọ̀kan nínú àwọn sójà tí wọ́n dojú ìjọba bolẹ̀, lọ sí ẹ̀wọ̀n Kirikiri, lẹ́bàá Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà kí a tó gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ìlú Aba. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìtàn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ tí ó dópin nígbà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: sójà ni ó pa á, a sì ti sójà mọ́lé. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ la ẹnu ògiri náà?

Ọdún 5 ni òfin yàn fún ilé aṣòfin yìí. Díẹ̀ ni ó fi lò ju ọdún kan lọ. Àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Nínú ìbò ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1964, NPC ti Òkè Ọya àti NNDP, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ, para pọ̀ di NNA. NCNC àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, AG, ni wọ́n wà nínú UPGA. UPGA fẹ̀sùn kàn pé a kò jẹ́ kí àwọn olùdíje òun forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè Ọya, ó sì kọ ìbò náà. Ní Ìlà Oòrùn, a kò dìbò lọ́jọ́ náà. Ààrẹ Nnamdi Azikiwe kọ̀ láti pe Alhaji Abubakar Tafawa Balewa kí ó tún ìjọba gbé kalẹ̀, títí wọ́n fi ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1965. Ó di ọjọ́ 18 oṣù kẹta kí a tó dìbò níbi tí ó ṣẹ́kù.

Nínú àga 312, NPC gba 162, NCNC gba 84, NNDP gba 36, AG sì gba 21. NCNC tí ó bá NPC du ipò tún wọ inú ìjọba kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti jẹ́ aṣáájú alátakò nílé aṣòfin ìṣáájú, ti wà lẹ́wọ̀n láti ọdún 1963. Ohùn tí ó lè bá ìjọba wí ti dínkù jọjọ.

Ìdánwò dé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn dìbò. A kéde pé Dẹ́mọ ti Olóyè Ladoke Akíntọ́lá ni ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ní èrú ni. Ogun tí a ń pè ní Wẹ́tíẹ̀ bẹ́ sílẹ̀: a ń da bẹntiróòlù sí ilé, sí ọkọ̀, àní sí ara ènìyàn, a sì ń ṣáná sí i. Kí ni ilé aṣòfin ṣe?

Ẹ fi ọdún 1962 wé e. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn sọ àga lu ara wọn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì, a sì fi Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ìjà àga gba ọjọ́ 4. Ní 1965, ẹ̀mí ń bọ́, ilé ń jó fún oṣù mẹ́ta, ìkéde kankan kò wáyé.

Àwọn tí ń gbèjà Balewa a máa wí pé kò tọ́ kí ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ ọ̀ràn ẹkùn tí ó ní ìjọba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1962 pẹ̀lú, gómìnà ti yan Alhaji Dauda Adégbénró sípò olórí ìjọba ibẹ̀. Òfin kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni ó yí padà. Ní 1965, Dẹ́mọ ni alájọṣe NPC ní Èkó.

Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn olórí ìjọba Kọmọnwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Èkó lórí ọ̀ràn Rhodesia, bẹ́ẹ̀ ni iná Ìwọ̀ Oòrùn kò tíì kú. Ọjọ́ 3 lẹ́yìn náà, sójà pa Balewa, Akíntọ́lá àti àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ 16, Nwafor Orizu kéde pé àwọn mínísítà tí ó kù ti gbé ìjọba fún Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi. Ilé aṣòfin kò pàdé dìbò lórí rẹ̀. Ní ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Nzeogwu fúnra rẹ̀ kú sójú ogun náà ní oṣù keje.

Kirikiri lè gba ẹni tí ó fi ìbọn ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin. Kò sí ẹ̀wọ̀n tí a ń fi àwọn aṣòfin sí nítorí pé wọ́n dákẹ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ yẹ̀ wò nìyí: ilé aṣòfin tí kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, agbára wo ni ó kù fún un láti dá ọ̀tá lẹ́kun?