Páànù Àwòrán Lára Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tayi, ní ìlú Minna, bá gbé páálí tí a gé òdòdó àti ìràwọ̀ sí lé ojú ìwé ètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀, tí ó sì fi pẹ́ńsùlù tọ etí ihò rẹ̀, ó lè rò pé ọgbọ́n tuntun láti òkè òkun ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń fi irú ọgbọ́n yìí ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Aṣọ ni ìwé tiwọn, ẹ̀kọ ni tàdáwà wọn, páànù ni páálí wọn. Ọ̀rọ̀ páànù yìí ni ó sì mú ọkùnrin wọ inú iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí iṣẹ́ obìnrin.

Kí páànù tó dé, obìnrin ni ó ni àdìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ni wọ́n ń fi iko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, tí a ń pè é ní àdìrẹ oníko. Àwọn náà ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán an kí aró má baà wọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó funfun. Nígbà tí aṣọ funfun tí wọ́n ń hun ní Manchester pọ̀ lọ́jà ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbilẹ̀, nítorí pé òfì nípọn, ojú rẹ̀ kò sì dán tó láti gba àwòrán wẹ́wẹ́. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin ń tì bọ ẹ̀kọ láti ya àwòrán. Wọn a pín aṣọ sí ojú mẹ́rin-mẹ́rin, wọn a sì fi àwòrán tirẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ẹni tí ó rò pé gbọ̀ngàn ìjọba àti ṣíbí kò bára mu kò tíì wo aṣọ náà dáadáa.

Iṣẹ́ ìyẹ́ adìẹ gba sùúrù, ó sì ń pẹ́. Ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá ọ̀nà tí ó yá ju èyí lọ. Àwọn ọkùnrin mú páànù pẹlẹbẹ, wọ́n fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú gé àwòrán sí i. Wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a fi nǹkan pẹlẹbẹ fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, wọn a ṣí i kúrò, wọn a sún un síwájú. Àwòrán kan náà yóò bá ara rẹ̀ dọ́gba láti etí aṣọ dé etí aṣọ.

Àwọn kan ti sọ pé ọ̀lẹ ni iṣẹ́ páànù. Irọ́ ni. Ẹni tí yóò gé páànù gbọ́dọ̀ ronú sẹ́yìn: ibi tí ó bá gé kúrò ni ẹ̀kọ yóò gbà dé ara aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní wọ̀, nítorí náà ihò ara páànù ni yóò funfun. Bí ó bá sì gé etí ojú ẹyẹ yípo láìdáwọ́ dúró, àárín rẹ̀ yóò já bọ́ sílẹ̀. Ó ní láti fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí afárá, kí àárín lè rí ohun dì mú. Ẹni tí ó ń lo ìyẹ́ adìẹ kò ní irú wàhálà yìí. Bí ó bá ṣe fẹ́ ni yóò yí ọwọ́ rẹ̀. Ìnira alágé páànù wà nínú páànù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ tí ó bá wù ú ni yóò tẹ̀.

Páànù ni ó mú kí wọ́n lè ya ojú ọba. Ní 1935, nígbà tí George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, àdìrẹ kan jáde tí àwòrán ọba àti ayaba rẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Olóba ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń ró o, ó sì pẹ́ lọ́jà ju ayẹyẹ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é lọ.

Síbẹ̀, aró kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní òkìtì roboto-roboto, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò, tí wọ́n ń yọ ọ́ sí atẹ́gùn, tí wọ́n tún ń ri í bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú, kí wọ́n tó ha ẹ̀kọ kúrò. Láàárín ọdún 1920 sí 1929, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gàl àti láti Gold Coast, tí ó di Gánà, ń wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Ọjà tí ó gbòòrò báyìí ló mú kí àwọn aláró máa wá ohun tí yóò dín iṣẹ́ kù. Wọ́n rí sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, tí ó rọ́pò eérú, wọ́n sì rí aró Òyìnbó, èyí tí ilé-iṣẹ́ Jámánì ti ń tà láti 1897.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí ọjà kò tà mọ́, ẹ̀bi wá di ti sódà. Wọ́n ní ó ń jẹ aṣọ, wọ́n ní aró Òyìnbó ń ṣí. Àṣẹ jáde nígbà Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì pé kí wọ́n má lò wọ́n mọ́. Àwọn aláró kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń jà fún ni ẹ̀tọ́ láti pinnu bí wọn yóò ṣe ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó yani lẹ́nu pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ìjà yìí tó ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní 1947, bẹ́ẹ̀ ó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 11.

Lẹ́yìn ìgbà náà, aró Òyìnbó borí, kàm̀pálà aláràbarà sì gba ọjà. Ní Òṣogbo, Nike Okundaye dá ibùdó iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ sì ṣì wà nínú àpótí aṣọ àwọn ìyá àgbà. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan, kí ó wo ojú ẹyẹ tàbí etí òdòdó ara rẹ̀ dáadáa. Bí ìlà funfun rẹ̀ bá ń lọ gbọrọ láìjá, ìyẹ́ adìẹ ni. Bí ó bá ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí aró dúdú díẹ̀ la ibẹ̀ kọjá, ibi tí alágé páànù fi afárá sí nìyẹn.