Ìdè Átọ́ọ̀mù ló Mú Dígí Ifẹ̀ Tọ́jọ́: Èròjà Nìkan Kò Tó Àlàyé

Bí a bá ka ìwádìí àwọn onímọ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ dígí Ilé-Ifẹ̀, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé ni àkójọ èròjà: iye sílíkà, iye alumíná, iye kálísíọ̀mù. Àkójọ náà wúlò púpọ̀. Òun ni James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi hàn wá ní 2006 pé irú dígí kan wà tó jẹ́ ti gúúsù Nàìjíríà. Òun náà wà lára ẹ̀rí tí Abidemi Babatunde Babalola gbé kalẹ̀ ní 2017, lẹ́yìn tó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, pé Ifẹ̀ ń ṣe dígí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kò dúró de èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àkójọ èròjà kò dáhùn: kí ló fún dígí yìí ní ìwà tó ní? Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níhìn-ín ni pé ìdè tó so àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀, àti ètò tí wọ́n tò sí, ni ó ń fún dígí ní ìwà rẹ̀. Nípasẹ̀ ìdè ni èròjà fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá sì ka ìdè mọ́ ọn kò tíì lóye iṣẹ́ Ifẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èròjà kò ti yàtọ̀ rárá. Kuọ́tìsì, òkúta tó pọ̀ jù nínú yanrìn, àti dígí tí a fi sílíkà pọ́ńbélé ṣe, ọ̀kan náà ni wọ́n ní ti èròjà: sílíkọ́ọ̀nù kan sí ọ́síjìn méjì. Nínú àwọn méjèèjì, sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ afárá láàárín sílíkọ́ọ̀nù méjì. Síbẹ̀, ìwọ̀n kuọ́tìsì jẹ́ gíráàmù 2.65 nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, ti dígí sílíkà kò ju 2.20 lọ. Inú ètò ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Nínú kuọ́tìsì, ìtò kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe jálẹ̀jálẹ̀. Nínú dígí, gẹ́gẹ́ bí William Zachariasen ti ṣàlàyé ní 1932, àwọn afárá ń so mọ́ra lọ láìsí ìtò tó ń padà wá. Nítorí pé ipò àwọn ìdè kò dọ́gba, wọn kì í tú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná bá mú wọn. Dígí kì í yọ́ lójijì bíi yìnyín, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń rọ̀. Ìwà yìí gan-an ló jẹ́ kí oníṣẹ́ Igbó Olókun lè fa dígí gbígbóná gùn di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò, kó sì gé e sí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìdè sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn le tó bẹ́ẹ̀ tí sílíkà nìkan kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 1,700 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ dígí káàkiri ayé ṣe ń fi sódíọ̀mù tàbí pòtásíọ̀mù sí i. Àwọn méjèèjì ń já afárá: ọ́síjìn tó so sílíkọ́ọ̀nù méjì pọ̀ yóò wá so mọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Dígí á tètè yọ́, ṣùgbọ́n omi á tún rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, á máa fa sódíọ̀mù tàbí pòtásíọ̀mù jáde, ojú dígí á sì máa jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ ní Yúróòpù nìyí, àwọn tí wọ́n fi eérú igi tó kún fún pòtásíọ̀mù ṣe.

Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nínú dígí tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ, alumíná (ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù) àti ọ́ksáìdì kálísíọ̀mù pọ̀ débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Alumíníọ̀mù lè jókòó sí ipò sílíkọ́ọ̀nù, kó di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ṣùgbọ́n ṣáájì rẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí ti sílíkọ́ọ̀nù. Sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù tó wà nítòsí ló ń dí àlàfo náà. Lọ́nà yìí, apá kan nínú àwọn tí ì bá máa já afárá ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe: wọ́n ń ti alumíníọ̀mù lẹ́yìn, afárá sì wà bó ṣe wà. Kálísíọ̀mù tó ṣẹ́kù ṣì ń já afárá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣáájì rẹ̀ jẹ́ méjì, ó di ọ́síjìn mú ju bí sódíọ̀mù ti lè ṣe lọ, omi kì í sì í tètè yọ ọ́. Ìdílé dígí yìí náà ni ọ̀pọ̀ fọ́nrán dígí òde òní tí wọ́n fi ń fún ike lágbára ti wá.

Ẹnì kan lè sọ pé àyípo ọ̀rọ̀ lásán nìyí: bí a bá yí èròjà padà, ìwà á yí padà, kí ni a tún ń wá ìdè sí? Mo gbà pé èròjà ló ń pinnu irú ìdè tó lè wáyé, ó sì wúlò gan-an fún mímọ ibi tí dígí kan ti wá. Ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ìdè. Kuọ́tìsì àti dígí sílíkà ti fi èyí hàn, kóbọ́ọ̀tì inú ìlẹ̀kẹ̀ aláró Ifẹ̀ sì tún jẹ́rìí sí i. Kóbọ́ọ̀tì tí ọ́síjìn mẹ́rin yí ká nínú dígí máa ń jẹ́ aláró. Kóbọ́ọ̀tì kan náà tí a yọ́ sínú omi, tí mólékù omi mẹ́fà yí ká, á di aláwọ̀ òdòdó. Kóbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò yí padà, aládùúgbò rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ẹlòmíràn lè ní ilẹ̀ tí wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ sí ló dáàbò bò ó. Òótọ́ ni pé omi àti kíkan ilẹ̀ ṣe pàtàkì, dígí tó dára pàápàá sì lè jẹ nínú ilẹ̀ búburú. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ lè ṣe ni pé kó kọlu dígí tàbí kó má kọlù ú; bí dígí yóò ṣe fara dà á, ọwọ́ ìdè inú rẹ̀ ló wà.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àwọn baba wa kò mọ átọ́ọ̀mù, nítorí náà a ń fi ìmọ̀ òde òní wọ̀ wọ́n bí aṣọ. N kò sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tó fa ìwà dígí yàtọ̀ sí ohun tí oníṣẹ́ lè fẹnu ṣàlàyé. Síbẹ̀, dígí oríṣi méjì ni wọ́n rí ní Ifẹ̀: alumíná pọ̀ nínú méjèèjì, kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀kan, ó kéré nínú èkejì. Bí kálísíọ̀mù bá bá yanrìn alálumíná wá ni, ì bá máa wà nínú méjèèjì. Ó jọ pé ọwọ́ ènìyàn ló fi í kún un, ẹni tó sì ń fi í kún un léraléra fún ọ̀pọ̀ ìran mọ ohun tó ń ṣe fún dígí nínú iná.

Nítorí náà, kò yẹ kí ìwádìí dígí Ifẹ̀ parí sí àkójọ èròjà. Ẹ̀rọ wà tó lè fi hàn iye afárá tó ṣì dúró nínú dígí àti iye ọ́síjìn tó yí alumíníọ̀mù ká. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn àti ẹ̀ka kẹ́místírì ní àwọn yunifásítì wa jọ gbé iṣẹ́ náà dání, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ìdè átọ́ọ̀mù sì bá ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ pàdé nínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìgbà náà ni a óò lè sọ bí dígí Ifẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí kìkì ohun tó wà nínú rẹ̀.