Iná Pupa Lósì, Iná Aláwọ̀ Ewé Lọ́tùn-ún

Ìtàn tòní dá lórí iná tí wọ́n ń gbé sára ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí ló kan ará Kàdúná nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò Kàdúná tí à ń gun afárá kọjá lójoojúmọ́, inú Odò Ọya ló ń ṣàn lọ, nítòsí Muregi, kò sì jìnnà sí Pategi. Àwọn kan nínú wa ń gba orí omi ibẹ̀ kó ìrẹsì àti ẹja.

Láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọkọ̀ onígbòkun. Ẹni tó bá wù ú ló ń gbé láńtánì kọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé ni wàhálà tó pọ̀, torí pé ó ń sáré lóru, kì í dúró de afẹ́fẹ́. Ní 1838, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa tan iná lóru. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí iná funfun kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, ṣé ó ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ? Ẹ ò lè mọ̀. Ní 1848 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ní kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọn gbé mẹ́ta: funfun lórí òpó, pupa lápá òsì, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Ní 1858, ó kan ọkọ̀ onígbòkun náà.

Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pa pọ̀, ọkọ̀ yẹn kọjú sí yín gan-an nìyẹn, kí kálukú yà sọ́tùn-ún. Tó bá ń dábùú bọ̀ láti apá ọ̀tún yín, pupa rẹ̀ lẹ máa rí, ẹ̀yin lẹ máa yẹra fún un. Tó bá jẹ́ láti òsì ló ti ń bọ̀, àwọ̀ ewé lẹ máa rí, òun ló máa yẹra. Bí iná tráfíìkì ló rí, àbí?

Òfin tí gbogbo ayé ń lò báyìí, 1972 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Ibi tí iná máa wà ló ká wọn lára jù. Tí ẹ bá pín àyíká ọkọ̀ sí 360, iná òpó ń tàn dé 225 níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná ìdí ọkọ̀ gba 135 tó kù. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ro ó pọ̀! Kò síbi téèyàn lè dúró sí tí kò ní rí nǹkan kan. Iná ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba 112.5, pupa ò sì gbọdọ̀ tàn wọ ọ̀dọ̀ àwọ̀ ewé. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ò bá gùn tó mítà 12, tó sì gbé iná òpó pẹ̀lú iná ẹ̀gbẹ́, tòpó gbọ́dọ̀ fi mítà kan ga ju tẹ̀gbẹ́ lọ. Èyí tó gùn tó mítà 50 ń gbé iná òpó méjì, tẹ̀yìn ga ju tiwájú lọ. Ọlọ́kọ̀ alájẹ̀ ńkọ́? Tọ́ọ̀ṣì tàbí láńtánì funfun kan tó wà nítòsí ọwọ́ tó fún un, kó ṣáà tètè tàn án kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: wọn ò ṣe iná yìí kí awakọ̀ lè ríran. Wọ́n ṣe é kí ẹlòmíì lè rí i ni. Àpáta kì í gbé iná. Àjàyí Crowther tiwa wà pẹ̀lú àwọn tó bá ọkọ̀ Dayspring gòkè Odò Ọya ní 1857; àpáta ló fọ́ ọkọ̀ náà nítòsí Jẹ́bà lóṣù October. Igi tó rì náà kì í gbé iná. Ní June 2023, àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní Egboti wọ ọkọ̀ lóru lọ sápá Pategi. Wọ́n ní igi abẹ́ omi ni ọkọ̀ náà gbá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ìdí tí NIWA tó wà ní Lokoja, èyí tí òfin 1997 dá sílẹ̀, fi ní kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru nìyẹn.

Nítorí náà, tí awakọ̀ kan bá na tọ́ọ̀ṣì síwájú létí odò lálẹ́, tó ní "Màmá, ẹ wọlé, mo ní iná", ẹ bi í pé pupa dà, àwọ̀ ewé dà, tìdí ọkọ̀ dà. Kódà tó bá ní gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹrù sun etí odò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fóìsì sílẹ̀, màá dáhùn.