Sátífíkéètì tí a fi ń buwọ́ lu ímeèlì: bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe lè gbà á, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan àpò ẹgbẹ́. Owó ìsìnkú, owó ìtọ́jú aláìsàn, owó gbọ̀ngán tí à ń kọ́, orí ímeèlì àti WhatsApp ni lẹ́tà wọn ń gbà báyìí. Akọ̀wé á fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ á sanwó. Bí oníjìbìtì bá wá fi orúkọ akọ̀wé kọ̀wé pé, "A ti pààrọ̀ báńkì o, inú àkáǹtì tuntun yìí ni kí ẹ máa san án sí," ta ló máa mọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti mú ènìyàn 281 káàkiri ayé lórí jìbìtì ímeèlì tí wọ́n fi ń darí owó olówó gba ibòmíràn. Nàìjíríà ni wọ́n ti mú 167 nínú wọn, EFCC ló sì bá wọn ṣe iṣẹ́ náà níbí. Ohun tó mú kí jìbìtì yìí rọrùn ni pé orúkọ tó wà lókè ímeèlì kò yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpòòwé. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́.

KÍ NI SÁTÍFÍKÉÈTÌ YÌÍ?

Fáìlì kékeré kan ni, tó ń jẹ́rìí pé àdírẹ́sì ímeèlì báyìí, ẹni báyìí ló ni ín. S/MIME ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe ètò náà. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, ó ń buwọ́ lu lẹ́tà. Èkejì, ó ń ti lẹ́tà pa, bíi ti àrokò ayé àtijọ́: ẹni tí wọ́n rán lè gbé e kọjá ní gbogbo ọjà, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló mọ ohun tó ń sọ.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ayé, ó wà nínú sátífíkéètì, ẹ lè fún ẹnikẹ́ni. Èkejì jẹ́ àṣírí, ọwọ́ yín nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí wọ́n bá fi ti gbogbo ayé tì pa, ti àṣírí nìkan ló lè ṣí i. Tó bá wá jẹ́ ìbuwọ́lùwé, ti àṣírí ló ń buwọ́ lù ú, ti gbogbo ayé la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Diffie àti Hellman, ló gbé èrò kọ́kọ́rọ́ méjì yìí jáde fún gbogbo ayé ní 1976. Bí ẹnìkan bá yí nọ́ńbà kan péré padà nínú nọ́ńbà àkáǹtì lẹ́yìn tí ẹ ti buwọ́ lù ú, kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á máa kígbe pé wọ́n ti fọwọ́ kan lẹ́tà yìí.

Ẹ lè ní, ṣebí WhatsApp náà ń ti ọ̀rọ̀ pa? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà sí báńkì, sí lọ́yà, sí iléeṣẹ́ ìjọba, ímeèlì ló ń gbà. Gmail àti irú rẹ̀ ń dáàbò bo lẹ́tà lójú ọ̀nà ni, ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú àpótí lẹ́tà ṣì lè rí inú rẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE LÈ GBÀ Á

1. Ẹ ya àdírẹ́sì ímeèlì kan sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ má lo ti akọ̀wé fúnra rẹ̀, torí akọ̀wé ń lọ, ẹgbẹ́ ń dúró.

2. Ẹ yan ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní sátífíkéètì. DigiCert, Sectigo àti GlobalSign ń tà á. Actalis, tó wà ní Ítálì, ti ń fún ènìyàn ní èyí tó kéré jù lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 1. Ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí iye owó a máa yí padà, ẹ ó sì nílò káàdì báńkì tó lè san dọ́là.

3. Wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà láti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ hàn lára sátífíkéètì, wọ́n á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn èyí tí CAC tó wà ní Maitama ń fúnni.

4. Ẹ gba fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tara yín, kì í ṣe ti káfè. Orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .p12 tàbí .pfx, ó sì ní páásíwọọ̀dù. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Banex ní Wuse 2 kí wọ́n bá yín ṣe é, ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ páásíwọọ̀dù, ẹ má sì fi fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀.

5. Ẹ gbé e sínú áàpù ímeèlì. Thunderbird gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Outlook orí kọ̀ǹpútà àti Mail orí iPhone náà gbà á. Gmail ọ̀fẹ́ tí à ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà á, àmọ́ ẹ lè fi Thunderbird ka Gmail yín, á sì ṣiṣẹ́.

6. Ẹ fi lẹ́tà tí ẹ ti buwọ́ lù ránṣẹ́ sí ọmọ ìgbìmọ̀, kí àwọn náà fi tiwọn ránṣẹ́ padà. Ìgbà tí ẹ bá ti ní sátífíkéètì ara yín lẹ tó lè máa ti lẹ́tà pa síra yín. Ti ìbuwọ́lùwé kò nílò kí ẹni tó gbà á ní tirẹ̀.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 93, gba ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìbuwọ́lùwé. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 17, sọ pé ó de ènìyàn nínú ọjà rírà àti àdéhùn mìíràn, àti pé ẹni tó bá ní kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n pè é ni òun ló máa fi ẹ̀rí hàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ òfin yẹn ní 2015, ó yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀: ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ikú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìgbàtọ́. Nítorí náà, bí bàbá bá fẹ́ pín ilé tó kọ́ sí Kubwa fọ́mọ, kó má fi ímeèlì ṣe é o.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Ká má parọ́, kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Oníjìbìtì lè ṣí àdírẹ́sì tó fara jọ tiyín, kó yí lẹ́tà kan péré padà, kó sì gba sátífíkéètì tirẹ̀ sí i. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ á dára, àdírẹ́sì ni kò ní jẹ́ tiyín. Torí náà, ẹ máa ka àdírẹ́sì dé òpin. Ẹ tún rántí pé àkọlé lẹ́tà kì í tì pa, ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀.

Bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa lè ṣí lẹ́tà tí wọ́n fi tì pa mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ìwé ẹgbẹ́ wà. Bí ọjọ́ sátífíkéètì bá pé, ẹ gba tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má ju ti àtijọ́ nù, òun ló ń ṣí lẹ́tà àtijọ́. Bí wọ́n bá jí i, tàbí tí akọ̀wé bá yí padà, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó fún yín fagi lé e, kí ẹ gba òmíràn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pé lẹ́tà ìyípadà àkáǹtì tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sanwó lé e. Kódà bó bá ní in, kí wọ́n kọ́kọ́ pe akápò lórí fóònù, lórí nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà.