Ife Ọdún 1951 àti Ọmọ Timmins

Oṣù kẹrin ọdún 2026 ló pé ọdún 75 tí Toronto Maple Leafs àti Montreal Canadiens jọ du Ife Stanley, ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú eré họ́kì orí yìnyín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pàdé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni wọ́n ta ọ̀mì títí àkókò fi pé, tó sì di dandan kí wọ́n fi àfikún àkókò yanjú ọ̀rọ̀. Àṣekágbá ife náà kankan kò rí bẹ́ẹ̀ ṣáájú, òmíràn kò sì tíì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Fún àwa tí yìnyín wa kò ju ti inú fíríìjì lọ, eré náà kò le láti yé. Ẹni mẹ́fà ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà lára wọn. Bàtà wọn ní irin mímú lábẹ́, ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n sì fi ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri orí omi dídì. Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta ni. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì nínú ìdíje ife, wọn á máa gbá a lọ ni. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mi àwọ̀n ló borí, kóńkó ti bẹ́ sódò nìyẹn.

Lord Stanley, Gómìnà-Àgbà tó ń ṣojú ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kánádà, ló fi ife náà tọrẹ ní ọdún 1892. Àwo fàdákà kékeré ni, gíní 10 ni wọ́n rà á. Ẹgbẹ́ kan láti Montreal ló kọ́kọ́ gbà á ní 1893, nígbà tí àwọn tí kì í gba owó eré ṣì ń du ú. Nígbà tí ó fi máa di 1951, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fi họ́kì ṣiṣẹ́ jẹun, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló sì wà nínú líìgì wọn: Toronto, Montreal, Detroit, Boston, Chicago àti New York.

Detroit ló yẹ kó gba ife ọdún náà. Àmì 101 ni wọ́n kó jọ nínú líìgì, ẹgbẹ́ kankan kò sì tíì kó 100 rí ṣáájú wọn. Àfi bí Montreal ṣe dé ilé wọn nínú ìdíje ife, tí Maurice Richard, tí wọ́n ń pè ní Rocket, fi góòlù ọ̀gànjọ́ òru nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Toronto ní tiwọn ń bá Boston fà á. Alẹ́ Sátidé kan tiẹ̀ wà tí eré wọn kù ní ọ̀mì 1 sí 1, tí wọ́n sì dá a dúró bẹ́ẹ̀, torí òfin ìlú Toronto kò gbà kí eré wọ ọjọ́ Sunday. Kò sẹ́ni tó borí, oníkálukú gba ilé lọ. Mo gbádùn ìyẹn púpọ̀: líìgì àwọn olówó, ọ̀pọ̀ èrò lórí ìjókòó, Ọjọ́ Olúwa sì dé ó lé gbogbo wọn sílé.

Toronto ló borí Boston nígbẹ̀yìn, tí àwọn àti Montreal fi pàdé ní àṣekágbá. Ẹni tó bá gbọ́ pé eré 4 sí 1 ni Toronto fi borí Montreal yóò rò pé wọ́n lù wọ́n bí ẹni lu bàrà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí àfikún àkókò tó dé, góòlù 9 ni Toronto gbá ní alẹ́ márààrún, 9 náà ni Montreal gbá. Sid Smith ló yanjú alẹ́ àkọ́kọ́ fún Toronto, Richard dá a padà ní alẹ́ kejì, kí Ted Kennedy àti Harry Watson tó lọ ba ayọ̀ àwọn ará Montreal jẹ́ nínú ilé ara wọn. Bí a bá ṣírò àfikún àkókò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 ni. Inú ibẹ̀ ni ife wà.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ni alẹ́ karùn-ún, ní Maple Leaf Gardens ti Toronto. Sátidé tún ni. Montreal ń borí lọ pẹ̀lú 2 sí 1, eré sì ti ń parí lọ, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Joe Primeau pe aṣọ́lé rẹ̀ jáde kí eléré iwájú kan lè wọlé kún wọn. Àwọ̀n Toronto ṣófo gbayawu. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 32 kí Tod Sloan tó gbá a wọlé.

Àfikún àkókò kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọmọkùnrin kan tó ń gbá ẹ̀yìn fún Toronto fi ibi tó yẹ kó máa ṣọ́ sílẹ̀, tó sáré síwájú, tó sì gbá rọ́bà náà bó ti ń ṣubú lọ. Bill Barilko ni, ọmọ Timmins, ìlú awakùsà wúrà ní àríwá Ontario, ọmọ ọdún 24. Kì í ṣe agbágóòlù. Nínú eré líìgì 252 tó gbá, 26 ni góòlù rẹ̀; kí ó fi ara gbá ènìyàn ṣubú ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Nat Turofsky ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Barilko wà lófuurufú, kò tíì kan ilẹ̀, Gerry McNeil tó ń ṣọ́lé fún Montreal sì ń ṣubú sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Barilko àti dókítà eyín kan, Henry Hudson, ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ pẹja ní àríwá Quebec, nínú ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi. Wọn kò délé. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Kánádà wá wọn títí, wọn kò rí nǹkan kan nínú igbó náà.

Toronto kò gba ife mọ́ fún ọdún 11. Àwọn ènìyàn wá ń sọ ọ́ bíi pé òkú Barilko ló di ife náà mú, pé ìgbà tí wọ́n rí i ni ó tú u sílẹ̀. Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò jẹ́ kó dúró. Oṣù kẹrin ọdún 1962 ni Toronto gba ife. Oṣù kẹfà ni atukọ̀ hẹlikópítà kan rí àjákù ọkọ̀ náà nínú igbó àríwá Cochrane, àwọn méjèèjì ṣì wà nínú rẹ̀. Ife ló ṣáájú.

Timmins ni wọ́n sin ín sí. Aṣọ nọ́ńbà 5 tó wọ̀ ní alẹ́ Sátidé yẹn, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ mọ́ fún Toronto.